Ta Ló Ń Rán Eku Náà Wá?

Ọkùnrin kan wà ní ìlú kan lápá òkè, níbi tí ọyẹ́ ti máa ń tètè dé, tí kì í sì í tètè lọ. Ọ̀jẹ́níyì ni orúkọ rẹ̀. Ìlú ńlá ló ti ṣiṣẹ́ títí ó fi fẹ̀yìn tì. Nígbà tí ó padà wálé, ó kọ́ ilé tuntun kan sí ẹ̀yìn ìlú. Ilé náà dára. Ó fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ nínú àti lóde, ó kùn ún ní ọ̀dà funfun, ó kan àjà sí gbogbo yàrá, ó sì fi páànù tuntun bò ó lórí. Òun àti Àṣàkẹ́ ìyàwó rẹ̀ nìkan ló ń gbé inú rẹ̀, nítorí àwọn ọmọ wọn ti dàgbà, kálukú sì ti wà níbi tirẹ̀.

Pápá koríko ló wà lẹ́yìn ilé náà, ọ̀nà ẹsẹ̀ kan sì gba àárín rẹ̀ kọjá. Ní òdìkejì pápá yìí ni opó kan ń gbé, Ìyá Abíọ́nà ni wọ́n ń pè é. Ilé alámọ̀ ni tirẹ̀, ilé ìdáná rẹ̀ sì jẹ́ oníkoríko. Ẹ̀pà ni iṣẹ́ rẹ̀. Ó ń gbìn ín, ó ń sá a, ó ń yan án, ó sì ń tà á lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ó dàgbà ju ọkùnrin náà lọ díẹ̀, ó sì máa ń pè é ní orúkọ. Bí ó bá yan ẹ̀pà, kì í gbàgbé Àṣàkẹ́. Wọn kò bára wọn jà rí.

Ọkùnrin yìí ní ìwà kan. Ó fẹ́ kí gbogbo nǹkan mọ́ tónítóní. Kò fẹ́ kí ohunkóhun wà níbi tí ojú òun kò tó o. Ní gbogbo ìgbà òjò, bí koríko ẹ̀yìn ilé bá ga dé àyà ènìyàn, yóò dúró lójú fèrèsé, yóò máa wò ó, yóò ní, "Ta ló mọ ohun tó wà nínú èyí?" Nítorí náà, nígbà tí òjò dá, tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, tí koríko sì gbẹ fúrúfúrú, ó mú ìṣáná, ó jáde lọ láti sun ún.

Ìyá Abíọ́nà rí i, ó wá bá a.

"Ọ̀jẹ́níyì, jọ̀ọ́, má sun ti apá ọ̀dọ̀ mi. Mo fẹ́ gé e fi bo ilé ìdáná."

Ọkùnrin náà gbà, ṣùgbọ́n kò gbà á tinútinú. Láti ọ̀nà ẹsẹ̀ yẹn wá sí ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló sun. Nígbà tí iná mú koríko tán, èéfín dìde, ó sì bo gbogbo ibẹ̀. Èéfín máa ń ta á lójú, kò sì fẹ́ràn rẹ̀ rárá. Ó sáré wọlé, ó ti fèrèsé, ó ti ilẹ̀kùn, ó jókòó sí yàrá iwájú títí iná fi jó tán. Bí ó ti jáde, ilẹ̀ ti dúdú, ó ti tẹ́jú, kò sí ohun tó lè fara pamọ́ síbẹ̀ mọ́. Inú rẹ̀ dùn. Ó ní, "Àṣàkẹ́, wá wò ó. A ti bọ́."

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni ọ̀ràn bẹ̀rẹ̀.

Àṣàkẹ́ ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ó ń ká aṣọ lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà tí nǹkan sáré gba orí àjà kọjá, bí ìgbà tí ẹnì kan da àgbàdo sílẹ̀. Ó ké sí ọkọ rẹ̀. Ọkùnrin náà wá, ó gbójú sókè, kò gbọ́ nǹkan kan. Ó ní atẹ́gùn ni. Ní ọjọ́ kejì wọ́n bá ihò lára àpò gaàrí. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, aáyán tú jáde bí ẹni pé wọ́n ti ń retí kí wọ́n ṣí i.

Ọyẹ́ ọdún yẹn le. Epo pupa dì nínú ìgò, ètè ènìyàn là, gìgísẹ̀ sán. Bí ilẹ̀ bá mọ́, kò sí ẹni tó fẹ́ bọ́ súwẹ́tà. Àṣàkẹ́ kó ìdáná rẹ̀ kúrò lẹ́yìnkùlé, ó gbé e wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n sì ń ti fèrèsé kí oòrùn tó wọ̀. Ilé náà gbóná dáadáa. Gbogbo ohun tó bá ní ẹsẹ̀ ló sì mọ̀ pé ó gbóná.

Bí ọkùnrin náà ti ń wá wọn kiri, ó rí i pé wọ́n mọ ilé náà ju òun tó kọ́ ọ lọ. Aáyán kóra jọ sẹ́yìn fíríìjì, níbi tí ẹ̀rọ ti máa ń gbóná. Ọmọńlé lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn aago ògiri, kò mira, bí ẹni pé ó ti kú. Èèrà tò lọ sí ìdí ìkòkò omi, nítorí ibẹ̀ nìkan ni ọ̀rinrin kù sí. Ìrẹ̀ wọ abẹ́ ààrò, ó ń han nínú eérú. Ní ti èkúté, ó já òwú inú ìrọ̀rí jáde, ó fi tẹ́ ìtẹ́ sínú àpótí tí Àṣàkẹ́ kó aṣọ òkè rẹ̀ sí. Nígbà tí wọ́n ṣí àpótí náà, àwọn ọmọ èkúté wà níbẹ̀, pupa ni wọ́n, wọn kò tíì lajú, wọ́n sì rọ́ mọ́ra wọn nítorí òtútù. Ọkùnrin náà dúró lé wọn lórí, kò mọ ohun tí ì bá rò. Lẹ́yìn náà ó kó wọn, ó lọ dà wọ́n nù.

Ohun tó rú u lójú jù nìyí. Nígbà òjò, tí koríko ga, tí ohun gbogbo ní ibi tí ó lè sá pamọ́ sí, kò rí eku kan nínú ilé rẹ̀. Nísinsìnyí tí ó ti sọ ẹ̀yìnkùlé di gbangba, ilé kún. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú, ó gbé e sẹ́yìn, kò mú ibì kankan.

Ó ṣe gbogbo ohun tí ènìyàn ń ṣe. Ó gba ológbò kan lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ológbò náà pa eku títí ó fi sú u, ó wá ibi tí oòrùn ń gbà wọlé, ó dùbúlẹ̀ síbẹ̀, eku sì ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrù rẹ̀. Ó dẹ pańpẹ́. Àtàǹpàkò ẹsẹ̀ tirẹ̀ ni pańpẹ́ kọ́kọ́ mú. Ó fi májèlé sínú ẹ̀wà. Eku jẹ ẹ́, ó sì lọ kú sí ibì kan lórí àjà tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀, òórùn náà sì lé àwọn onílé jáde sínú òtútù. Níkẹyìn ó po sìmẹ́ńtì, ó dí gbogbo ihò tó wà lára ilé, kékeré àti ńlá. Ó fọ ọwọ́, ó mí kanlẹ̀. Àwọn tó wà nínú kò lè jáde mọ́.

"Baálé mi," ni Àṣàkẹ́ wí, "ó dà bí ẹni pé wọ́n ń pọ̀ sí i ni."

"Mo rí i."

"Níbo ni wọ́n ń gbà wá?"

"Èmi ni ò ń bi?" ni ọkùnrin náà fi dá a lóhùn.

Ìgbà yẹn gan-an ni ọmọbìnrin wọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ dé, kí Àṣàkẹ́ lè bá a wẹ ọmọ. Ọmọ àkọ́bí ni. Bàbá àgbà gbé ọmọ náà lọ́wọ́, ó gbàgbé eku fún ìgbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n tẹ́ ọmọ náà sórí bẹ́ẹ̀dì, ìyá rẹ̀ bọ́ síta láti sá aṣọ. Igbe tí ọmọ náà ké, kì í ṣe igbe ebi. Nígbà tí wọ́n fi máa débẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ti wà ní ọwọ́ rẹ̀, ojú eyín wẹ́wẹ́ sì wà ní orí ìka tó ti ń fi gbá ọyàn ìyá rẹ̀ mú.

Wọ́n gbé e sáré lọ sí ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì fọ ojú ọgbẹ́, ó gún un lábẹ́rẹ́, ó ní kí wọ́n máa gbé e wá. Ara ọmọ náà gbóná, kò sì gba ọyàn. Ìyá rẹ̀ ń sunkún, Àṣàkẹ́ ń bẹ̀ ẹ́. Ọkùnrin náà jáde síta nítorí kò lè wo ojú àwọn méjèèjì.

Bí ó ti ń padà bọ̀ wálé láti ilé ìwòsàn, ọ̀nà ẹsẹ̀ yẹn ló gbà. Ó rí Ìyá Abíọ́nà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó jókòó sójú oòrùn, ó ń pa ẹ̀pà. Ẹ̀pà mìíràn wà lórí ẹní, ó tẹ́ lọ rẹrẹ. Kò sí ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Kò sí ohun tó jẹ nínú rẹ̀.

"Ìyá," ó ní, "ṣé eku kì í yọ yín lẹ́nu ni?"

"Eku kẹ̀? Mi ò tíì rí ọ̀kan láti ìgbà tí ọyẹ́ ti dé."

"Kí lẹ ń ṣe sí i?"

"Mi ò ṣe nǹkan kan."

Ó béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bí ara ọmọ ti rí. Ọkùnrin náà dá a lóhùn, ó sì kọjá, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn há a láyà. Ilé amọ̀, orí koríko, ẹ̀pà ní ìta gbangba, eku kò débẹ̀. Ilé sìmẹ́ńtì, ológbò, pańpẹ́, májèlé, eku ń jẹ ọmọ níka. Báwo ni? Ó rìn, ó dúró, ó tún rìn. Ó rántí ọjọ́ tí obìnrin náà ní kí ó má sun koríko apá ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ṣé koríko nìkan ló fẹ́ lóòótọ́? Ṣé ó bínú nítorí pé ó rí i pé òun kò gbà á tinútinú? Ẹni tí kò bá rí ìdí ọ̀ràn, kò ní pẹ́ rí ẹni tí yóò dì í rù. Kí ọkùnrin yìí tó délé, ó ti rí ẹni náà.

Ó lọ bá olórí àdúgbò. Olórí àdúgbò pe àwọn àgbà, ó ránṣẹ́ pe Ìyá Abíọ́nà pẹ̀lú. Ọkùnrin náà dìde láàárín wọn.

"Eku inú ilé mi kì í ṣe ojú lásán. Ẹnì kan ló ń rán wọn."

"Ta ni?" ni olórí àdúgbò béèrè.

Ó na ìka. Ìyá Abíọ́nà wo ẹ̀yìn rẹ̀ láti mọ ẹni tí ó ń nà án sí. Kò rí ẹnì kankan lẹ́yìn. Ó tún kọjú sí wọn.

"Ìyá, kí lẹ rí sọ sí i?"

"Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ," ni obìnrin náà wí. "Ẹ bá mi bi í. Bóyá òun mọ ohun tí mo ṣe."

Olórí àdúgbò kò dá ẹjọ́ kankan. Ó ní kí kálukú máa lọ, pé òun yóò wádìí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti jáde. Kò sí ẹni tó bú Ìyá Abíọ́nà, kò sí ẹni tó sọ òkò lu ilé rẹ̀. Wọ́n kàn ń gba ọ̀nà mìíràn ni. Àwọn tó máa ń ra ẹ̀pà lọ́wọ́ rẹ̀ sọ pé inú ń run àwọn. Bí ọmọdé bá sáré dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ìyá ọmọ á ti ọ̀nà jíjìn pè é padà. Obìnrin náà ń yan ẹ̀pà, ẹ̀pà ń tutù nínú àtẹ. Kò mọ ibi tí ọ̀ràn yìí ti wá, kò sì mọ ẹni tí òun lè bi.

Àṣàkẹ́ kò fara mọ́ ọn.

"Baálé mi, ìyá yẹn kọ́ o."

"Ta wá ni?"

"Mi ò mọ̀."

"Nígbà tí o ò mọ̀, dákẹ́."

Ara ọmọ náà balẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í mu ọyàn padà, ìyá rẹ̀ sì dì í sẹ́yìn, ó gbé e padà sí ilé ọkọ. Ṣùgbọ́n eku kò lọ. Gbogbo àdúgbò ti ta Ìyá Abíọ́nà nù, eku ṣì ń sáré lórí àjà. Èyí tún da ọkàn ọkùnrin náà rú. Bí ó bá jẹ́ pé obìnrin náà ló ń rán wọn, kí ló dé tí kò tíì dẹ́kun? Ó rò ó títí, ó sì tún rí èsì kan fún ara rẹ̀. Ó ní inú koríko tó kù lápá ọ̀dọ̀ rẹ̀ yẹn ló ń kó wọn pamọ́ sí. Ó ní òun yóò sun ún.

Ó lọ gba àṣẹ lọ́wọ́ olórí àdúgbò. Bàbá náà wò ó.

"Ilé ìdáná obìnrin yẹn, koríko ni. Bí iná rẹ bá kàn án, èmi fúnra mi ni màá mú ọ dé iwájú ọba. Má dá a, kí o wá sá wọlé o. Apá ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni kí o dúró sí títí yóò fi jó tán."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe di pé ọkùnrin náà dúró ti iná tirẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó pọn omi sí bọ́kẹ́ẹ̀tì, ó gé ewé tútù sọ́wọ́, ó dúró ní ẹ̀gbẹ́ ilé Ìyá Abíọ́nà, ó sì ṣá ìṣáná. Ọ̀sán gangan ni. Atẹ́gùn ọyẹ́ ń fẹ́ láti ẹ̀yìn rẹ̀, ó ti iná náà síwájú, ó ti èéfín síwájú, ojú rẹ̀ sì mọ́ kedere.

Ó kọ́kọ́ rò pé koríko ló ń mira. Lẹ́yìn náà ó rí wọn. Èkúté ń sáré jáde níwájú iná, ìrẹ̀ ń fò, alángbá ń já gba àárín wọn, aáyán inú igbó tú jáde, àkeekèé kan gbé àwọn ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn, ẹmọ́ kan sì gbé ọmọ rẹ̀ há ẹnu, ó ń sáré, ó ń ṣubú. Kò sí èyí tó yà sọ́dọ̀ Ìyá Abíọ́nà, nítorí iná ló wà láàárín. Wọ́n dá ọ̀nà ẹsẹ̀ kọjá. Wọ́n bọ́ sórí ilẹ̀ tí ó ti sun tẹ́lẹ̀. Ewé kan kò sí níbẹ̀ tí wọ́n lè sá sábẹ́ rẹ̀. Àwọn àṣá tó ti rí èéfín ń já bọ́ láti òkè, wọ́n ń ṣà wọ́n. Àwọn tó kù ń sáré lọ. Ohun kan ṣoṣo tó dúró ní gbogbo ilẹ̀ yẹn ni ilé funfun kan. Ibẹ̀ ni wọ́n forí lé. Wọ́n gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé. Wọ́n gba ojú ọ̀nà omi wọlé. Wọ́n pọ́n ògiri, wọ́n sì wọ abẹ́ páànù.

Ọkùnrin náà bojú wẹ̀yìn. Ìyá Abíọ́nà kò sí lóde, ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ pa dé. Kò sí ẹni tó ń nawọ́, kò sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀ àfi òun àti ìṣáná tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo ìṣáná náà bí ẹni tí kò mọ bó ṣe débẹ̀. Ó fojú ara rẹ̀ rí i, ó sì ṣe é bí àlá. Iná jó títí, ó kú, ọkùnrin náà ṣì dúró síbẹ̀.

Nígbà tí ó rìn yí ilé obìnrin náà ká dé iwájú, ó bá ọkọ̀ kan níbẹ̀. Abíọ́nà ọmọ rẹ̀ ti wá láti ìlú tó ń gbé, ó sì ti ń kó ẹrù ìyá rẹ̀ sínú ọkọ̀. Ìyá àgbà náà jókòó sórí àpótí, ó ká ọwọ́ lé itan.

"Ìyá," ni ọkùnrin náà wí, "kì í ṣe ẹ̀yin."

"Mo ti mọ̀ pé kì í ṣe èmi, Ọ̀jẹ́níyì. Ta wá ni?"

Ó nawọ́ sí pápá, ó nawọ́ sí ilé rẹ̀, ó rẹ ọwọ́ sílẹ̀.

"Èmi ni."

Obìnrin náà ní, "Ìwọ lò ń rán eku sí ara rẹ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, ìyá."

"Nítorí kí ni?"

"Mi ò mọ̀ pé èmi ni."

Ìyá náà mi orí. "Ti àkọ́kọ́ kò yé mi. Èyí náà kò yé mi."

Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku. Abíọ́nà ló ní kí ó dìde.

"Bàbá, kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa ni kí ẹ kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ sí. Ẹ lọ bá àwọn tí ẹ ti sọ ọ́ fún. Ìyá mi kò lè máa gbé ibi tí wọ́n ti ń pe ọmọ kúrò lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀."

Wọ́n gbé àpótí tó kù sínú ọkọ̀, wọ́n sì lọ.

Ọkùnrin náà lọ bá àwọn àgbà lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ó sọ ohun tó rí, kò fi bò. Àwọn kan gbà á gbọ́, àwọn kan rẹ́rìn-ín. Àwọn kan tilẹ̀ wí láàárín ara wọn pé, "Ẹ ò rí i, obìnrin yẹn ti yí i lórí." Ohun tí ó fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo bà jẹ́, ó fi ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ tún un ṣe, kò tún un ṣe tán.

Nígbà tí ó délé, ó mú òòlù, ó la gbogbo ihò tí ó ti dí. Kò dáná sun nǹkan kan mọ́. Òun àti Àṣàkẹ́ so oúnjẹ wọn kọ́ òkè, wọ́n sì fara da ohun tó kù nínú ọyẹ́ náà pẹ̀lú gbogbo àwọn tó wọlé tọ̀ wọ́n. Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀. Koríko yọ, ó ga dé kókósẹ̀, ó ga dé orúnkún. Ẹnì kan wá bá a pé kí òun bá a ro ó, ó ní rárá. Díẹ̀díẹ̀ ni ilé bẹ̀rẹ̀ sí í dákẹ́. Ìrẹ̀ kọ́kọ́ lọ. Aáyán dín kù. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan Àṣàkẹ́ dúró sí àárín yàrá, ó gbójú sókè sí àjà, ó tẹ́tí, kò sì gbọ́ nǹkan kan.

Ọkùnrin náà wọ ọkọ̀ lọ sí ìlú tí Abíọ́nà ń gbé. Ìyá náà gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, ó béèrè ọmọ tí eku jẹ, ó súre fún un. Ó ní òun ti dárí jì í. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọkùnrin náà ní kí ìyá jẹ́ kí àwọn padà lọ sílé, ìyá kọ̀. Ọkùnrin náà tún lọ lẹ́ẹ̀kan sí i, ìyá tún kọ̀. Ní ẹ̀yìn ìlú, òjò wọ ilé ìdáná rẹ̀, ògiri rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í wó. Gbogbo eku padà sí pápá. Ìyá Abíọ́nà kò padà.

Nísinsìnyí, ọmọ mi, mo fi ọ̀rọ̀ yìí lọ̀ ọ́ nítorí ohun tí o gbé wá bá mi láàárọ̀ yìí. O ní ilé rẹ ti rú ọ lójú. O ní tẹ́lẹ̀, bí àwọn ọmọ rẹ bá fọ́ àwo, wọ́n á sáré wá sọ fún ọ. Ní báyìí wọ́n ń fi àfọ́kù pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ń parọ́ mọ́ ọ lójú, bí o bá sì wọlé, gbogbo ilé á pa lọ́lọ́. O ní ìyá ìyàwó rẹ tó ń gbé lọ́dọ̀ yín ló ń kọ́ wọn. O ti ní kí ó di ẹrù rẹ̀.

Mo bi ọ́ pé kí ni o máa ń ṣe fún ọmọ tó bá wá jẹ́wọ́. O ní o máa ń nà án, kí ó lè mọ̀, kí ilé rẹ lè mọ́. O sọ ọ́ pẹ̀lú ayọ̀.

Iná ni o ń dá. Àṣìṣe ọmọdé kò ní ṣe kó má wà. Ìta gbangba ló ń gbé tẹ́lẹ̀, níbi tí ojú rẹ ti tó o. Ìwọ lo sun ìta náà. Ohun tó ń gbé níbẹ̀ kò kú, ó wá ibi tó lè wọ̀, ó wọ inú ọmọ lọ, ibẹ̀ ló ti di irọ́. O dá a, o sì sá wọlé, o ti ilẹ̀kùn, o kò dúró wò ó rí. O wá ń na ìka sí ìyá arúgbó.

Mo rí i lójú rẹ pé kò tíì yé ọ tán. Kò burú. Bí kò bá tíì yé ọ, má tíì wá ẹni tí wàá dì í rù. Sọ ẹgba yẹn sílẹ̀. Bí ọmọ bá wá jẹ́wọ́, jẹ́ kí ó lọ ní àlàáfíà, kí àwọn yòókù rí i pé ó lọ. Irọ́ náà yóò pẹ́ kó tó jáde nínú wọn, ṣùgbọ́n bí ìta bá tún tutù, yóò jáde. Ìyẹn lè dúró de ọ̀la.

Ti ìyá ìyàwó rẹ kò lè dúró. Dìde, máa lọ sílé. Bóyá ọkọ̀ kò tíì gbé e.